Kòkòrò Tí Ń Jẹ Ẹ̀fọ́, Ìdí Ẹ̀fọ́ Ló Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu púpọ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò tí ì gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún ní, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ fún wa nínú kíláàsì pé òwe lè tako òwe, pé bí a bá ti mọ ibi tí a ti pa á àti ẹni tí a pa á fún, àtakò náà yóò yanjú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí òwe méjèèjì yìí ti pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Ajégúnlẹ̀, tí èkíní fẹ́ lé arúgbó kan kúrò láàrin ènìyàn, tí èkejì sì gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ.

Ẹni tí ó bá mọ Èkó yóò mọ̀ pé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síra wọn rárá. Bí ènìyàn bá ti kọjá Bọ́ńdárì, ó ti bọ́ láti inú ọ̀kan sí inú èkejì. Ní apá kan ni èbúté Àpápá wà. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìdúró mẹ́rin àkọ́kọ́ tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí níbẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹrù ayé sì ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní apá kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Yorùbá, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ti ń gbé inú ilé kan náà, tí wọ́n ń pọnmi nínú kànga kan náà, tí wọ́n sì ń fi pijin bá ara wọn ṣeré, tí wọ́n ń fi í bá ara wọn jà. Orúkọ àdúgbò wa ní ajé ti gúnlẹ̀. Bóyá ó gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará èbúté ni ó kọ́kọ́ yà sí.

Ilẹ̀ oko kò sí ní Ajégúnlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ́lé sí ṣòfò. Létí kánáà kan tí kò jìnnà sí ilé wa, ilẹ̀ kan wà tí obìnrin mẹ́rin pín láàrin ara wọn. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ yanrìn tí wọ́n dà síbẹ̀ láti fi dí àbàtà. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ ní àkókò òjò. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mẹ́ta lókè àti méjì nísàlẹ̀. Ìyá Ìbejì ní mẹ́fà, òkè ni gbogbo wọn wà. Ṣọkọ ni àwọn méjèèjì ń gbìn, nítorí pé ṣọkọ tètè ń tà ní ọjà Bọ́ńdárì. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ìbejì gan-an ni ti arúgbó opó kan tí kò ní ọmọ láyé wà. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni ó ń gbìn, nítorí náà gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Onítẹ̀tẹ̀. Owó ẹ̀fọ́ yìí kì í ṣe owó kékeré lójú wa. Òun ni wọ́n fi san owó ìdánwò mi, òun náà ni wọ́n sì fi ra fọ́ọ̀mù tí mo fi wọ yunifásítì.

Ní ọdún tí mò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ṣọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òwúrọ̀, yóò dúró ṣánṣán. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ewé rẹ̀ yóò rọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Bí ilẹ̀ bá tún ṣú, yóò gbórí sókè padà. Báyìí ni yóò máa ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, yóò ràn, yóò pọ́n rúsúrúsú, kò sì ní í jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì lọ sí ọjà, ó ní kí wọ́n ta oògùn kòkòrò fún òun. Wọ́n tà á fún un, ó fọ́n ọn sórí ewé. Eéṣú àti labalábá kú, ṣùgbọ́n ṣọkọ náà ń kú lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n ní irú ikú wo ni ó ń pa ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án tí ó ń jí i lálẹ́, bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan ní ń bẹ níbẹ̀ lálẹ́? Wọ́n tún wò ó pé tẹ̀tẹ̀ arúgbó, tí kò ju ẹsẹ̀ méjì lọ sí ibi tí ṣọkọ ti ń kú, ń tutù yọ̀yọ̀, ó ń gbòòrò sí i ni. Ẹnìkan rántí pé arúgbó náà ti bá Ìyá Ìbejì ṣe asọ̀ lórí ààlà ní oṣù tí ó kọjá. Àjẹ́ ké lánàá, ṣọkọ kú lónìí. Ẹjọ́ ti parí kí a tó pe ẹlẹ́rìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá ìdajì tẹ̀tẹ̀ arúgbó náà tí wọ́n ti fà tu sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ayálégbé ilé tí ó ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún onílé pé kí ó wá ibi tí yóò kó o sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì nígbà náà. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìyá mi ròyìn fún un, kò sọ̀rọ̀ nípa àjẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí ó béèrè ni pé, “Ẹ̀yin Màámi, ta ni ó ti wo ìdí rẹ̀?” Kò sí ẹni tí ó ti wò ó. Ewé ni gbogbo wa ń wò, lẹ́yìn ewé, ojú ara wa.

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Kò fa ṣọkọ náà tu, nítorí ó ní bí a bá fà á, ibi tí àìsàn wà gan-an ni yóò já sínú ilẹ̀. Ó gbẹ́ yí i ká, ó gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó sì rọra ṣàn án nínú omi. Gbòǹgbò tí ó yẹ kí ó rí tínrín bí òwú wá rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn, kókó lórí kókó, àwọn mìíràn tó ẹ̀wà, àwọn mìíràn sì ti so pọ̀ bí àtàǹpàkò. Ó tún gbẹ́ tẹ̀tẹ̀ kan tí ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò tirẹ̀ mọ́, ó gùn, ó sì ní irun wẹ́wẹ́.

Ìyá Ìbejì tí ó dúró tì wá ní òun mọ kókó yìí, pé ó wà nídìí ẹ̀wà ní oko bàbá òun, ẹ̀wà náà kì í sì í kú. Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Nídìí ẹ̀wà, lóòótọ́, kókó wà, ṣùgbọ́n kókó ọ̀rẹ́ ni. Bakitéríà kan tí ń gbé inú ilẹ̀ ni ó ń wọ inú gbòǹgbò ẹ̀wà lọ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀wà ń fún un ní oúnjẹ, òun náà sì ń gba náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ní ọdún 1886 ni Hermann Hellriegel, ará Jámánì, fi iṣẹ́ yìí hàn fún ayé. Kókó ti ẹ̀wà dúró ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, bí a bá fi àtàǹpàkò gbọ́n ọn, yóò bọ́. Bí a bá là á nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kókó ti ṣọkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó wú. A kò lè bọ́ ọ kúrò láìjẹ́ pé a já gbòǹgbò. Nítorí náà, ohun méjì lè jọra lójú, kí ọ̀kan jẹ́ olùrànlọ́wọ́, kí èkejì sì jẹ́ apànìyàn.

Ẹni tí ń wú gbòǹgbò ṣọkọ yìí jẹ́ aràn kékeré kan. Bí ó bá jáde nínú ẹyin, gígùn rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, ojú lásán kò sì lè rí i. Orí gbòǹgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ó máa ń gbà wọlé. Bí ó bá ti rí ibi jókòó sí, kò ní í rìn mọ́. Yóò sọ àwọn ibi tí ó ń mu nínú gbòǹgbò náà di ńlá, abo rẹ̀ yóò sì wú bí ìkòkò kékeré, yóò yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nínú ilẹ̀ gbígbóná bí ti wa, bí oṣù kan péré ni ó ń gbà láti ẹyin dé ẹyin. Ọ̀gbẹ́ni Miles Berkeley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa kókó báyìí, ní ọdún 1855, lórí gbòǹgbò kùkúńbà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe aràn náà ni Meloidogyne. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ yanrìn, ó sì fẹ́ràn ṣọkọ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́ mìíràn lọ.

Nígbà tí a mọ èyí, ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ òru di ohun tí ó yé ọmọdé. Gbòǹgbò tí ó ti di kókó kò lè fa omi dáadáa. Ní ọ̀sán, oòrùn ń gba omi lára ewé ju èyí tí gbòǹgbò lè gbé gòkè lọ, nítorí náà ewé á rọ. Ní alẹ́, oòrùn ti lọ, omi díẹ̀ tí ó ń gòkè á tó o, ewé á sì dìde. Kò sí ẹni tí ó ń jí i. Òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́ nínú omi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò tíì fẹ́ dájọ́. A sọ̀ kalẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì méjì tí ìyá mi ní nísàlẹ̀, níbi tí ṣọkọ ti ń rọ bákan náà. A gbẹ́ ẹ, a ṣàn án. Kò sí kókó kankan níbẹ̀! Gbòǹgbò náà ti di pupa bí omi tíì, ó rọ̀, nígbà tí a fi ìka fà á, awọ rẹ̀ yọ kúrò bí ìbọ̀sẹ̀, ó ku okùn tínrín láàrin. Ewé méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìdí wọn kò bára mu. Ó ní nínú irú ilẹ̀ tí omi dúró sí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n jọ olú tí wọn kì í sì í ṣe olú wà, tí ọmọ wọn lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ilẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Pythium ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ó tún ní gbòǹgbò tí omi bò mọ́lẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ mí, òun nìkan náà tó láti pa á.

Mo bi í pé ṣé kì í ṣe kí a kàn gbé gbòǹgbò jíjẹrà yìí sábẹ́ maikirosíkóòpù, kí a wo ẹni tí ó wà níbẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá lọ sí ibi tí ẹran kú sí, tí mo sì bá igún márùn-ún níbẹ̀, ṣé igún ni ó pa ẹran náà? Nínú gbòǹgbò tí ó ti jẹrà, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ojú kò rí ni yóò ti wá jẹun. Èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ó dé kẹ́yìn. Nítorí náà, wíwà níbi òkú kì í ṣe ẹ̀rí ìpànìyàn. Ní títẹ́tí sí i, mo ronú sí ọ̀rọ̀ arúgbó wa. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò ju èyí lọ: pé ó wà nítòsí.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ apànìyàn tòótọ́? Robert Koch, dókítà ará Jámánì tí ó fi ohun tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn ní ọdún 1882, ni a mọ̀ mọ́ ìlànà mẹ́rin kan. Èkíní, kí a rí ẹni tí a fura sí lára gbogbo aláìsàn, kí a má sì rí i lára àwọn tí ara wọn le. Èkejì, kí a yọ òun nìkan sọ́tọ̀, kí a tọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kí a fi í sára ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àìsàn kan náà sì ṣe é. Ẹ̀kẹrin, kí a tún rí òun kan náà lára aláìsàn tuntun yìí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìlànà yìí kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ gbòǹgbò náà ní olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, kò sì yẹ kí a gbọ́ tẹnu ẹnìkan. Aràn onígbòǹgbò yìí tilẹ̀ mú kí àwọn onímọ̀ tẹ ìlànà náà díẹ̀, nítorí pé kò lè dàgbà níbi tí kò bá sí gbòǹgbò tí ó wà láàyè. Ìdì ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń mú, wọn yóò fi í sídìí tòmátì tí ara rẹ̀ le, kí ìdílé kan péré lè pọ̀ síbẹ̀.

A kò ní ilé àyẹ̀wò ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n a ní agolo mílíìkì àti iná. Ẹ̀gbọ́n mi bu iyẹ̀pẹ̀ láti inú bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ìbejì, ó pín in sí méjì. Ó bu omi díẹ̀ sí ìdajì kan, ó yan án lórí iná nínú agbada àtijọ́ títí tí ooru fi mú gbogbo rẹ̀ dénú, ó sì jẹ́ kí ó tutù. Ó fi ìdajì kejì sílẹ̀ bí ó ti wà. A lu ihò sí ìdí agolo méjìlá. Mẹ́rin ni a fi iyẹ̀pẹ̀ yíyan sí, a gbin ṣọkọ sínú wọn. Mẹ́rin ni a fi iyẹ̀pẹ̀ tútù sí, a gbin ṣọkọ sí i. Mẹ́rin tí ó kù, iyẹ̀pẹ̀ tútù kan náà, tẹ̀tẹ̀ ni a gbìn sí i. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí n máa bomi rin gbogbo wọn bákan náà, kí n má ṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a da agolo náà nù lójú Ìyá Ìbejì, ìyá mi àti àwọn méjì nínú àwọn ayálégbé. Ṣọkọ inú iyẹ̀pẹ̀ yíyan, gbòǹgbò wọn mọ́. Ṣọkọ inú iyẹ̀pẹ̀ tútù, kókó ti bo gbogbo mẹ́rin. Tẹ̀tẹ̀ inú iyẹ̀pẹ̀ tútù kan náà ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: Ìyá Onítẹ̀tẹ̀ kò sí ní àgbàlá wa, kò fọwọ́ kan agolo kankan, kò sì mọ̀ pé a ń ṣe é. Ohun tí ń pa ṣọkọ wà nínú ilẹ̀, iná sì lè pa á. Ìdí tí tẹ̀tẹ̀ kò fi kú ni pé tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ tí aràn náà kúndùn. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀fọ́ tilẹ̀ ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa fi tẹ̀tẹ̀ gba ipò ṣọkọ lórí ilẹ̀ tí ó bá ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé arúgbó náà jẹ̀bi ni oògùn tí wọ́n ń wá kiri.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀ nìkan ni irú èyí lè ṣe. Gbogbo wa mọ kòkó tí ó sọ ìlẹ̀ Yorùbá di ọlọ́rọ̀, tí ó sì ń gba èbúté Àpápá lọ sí òkè òkun. Àrùn kan wà tí ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀mọ̀wé ayé fi ń pe ohun tí ń fà á, Phytophthora palmivora. Ní ọdún 1979 ni Brasier àti Griffin tẹ ìwádìí wọn jáde, tí wọ́n fi hàn pé orúkọ kan ni wọ́n ti fi ń bo ju olè kan lọ. Wọ́n wo kúrómósómù wọn: ti palmivora kéré, wọ́n pọ̀, ti èyí tí ń ṣọṣẹ́ gan-an ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù tóbi, wọn kò pọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Phytophthora megakarya. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán, nítorí pé megakarya burú jù, ó sì mọ bí a ti ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀ àti gbòǹgbò láti ìgbà òjò kan dé èkejì. Bákan náà ni Gámálìn 20 tí àwọn baba wa ń fọ́n sí oko kòkó: ó pa kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó, ṣùgbọ́n kò lè ṣe àrùn dúdú ní nǹkan kan. Oògùn tí kò mọ orúkọ àrùn, afẹ́fẹ́ ni a ń fọ́n ọn sí. Gámálìn náà ti di ohun tí a fi òfin àgbáyé dè láti ọdún 2009 nítorí oró rẹ̀.

Ìyá Ìbejì fọ gbogbo gbòǹgbò ṣọkọ tí ó ti kú jáde, ó sun wọ́n. Ó da ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa sí ilẹ̀ náà, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ sí i fún àkókò kan. Àwọn baba wa kò ṣe ju èyí lọ nígbà tí wọ́n ń fi oko sílẹ̀ kí ó sinmi: aràn tí kò bá rí gbòǹgbò tí ó fẹ́, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí ó lè sinmi, nítorí náà ohun ọ̀gbìn ni a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ìyá mi gé ojú omi sí apá ìsàlẹ̀, ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ga. Aràn yìí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jìnnà. Ọkọ́, bàtà, ọ̀gbàrá àti irúgbìn tí a tú láti ibòmíràn ni ó ń gbé e. Láti ìgbà náà, wọn kì í yá ara wọn lọ́kọ̀ọ́ láìfọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ fún arúgbó náà, ó sì bẹ̀ ẹ́. Èmi gan-an lọ sọ ọ̀rọ̀ agolo méjìlá fún un. Ó tẹ́tí títí tí mo fi parí, ó wá ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. O ti fi agolo wí i, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó wà níbẹ̀? Ta ni yóò wá gbé agolo náà kiri àdúgbò?” N kò rí èsì fún un. Onílé rẹ̀ kò lé e mọ́, ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ìyá kan wà ní òpópó náà tí wọn kì í ra tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè arúgbó yìí ni mo gbé wá sínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ní èbúté Àpápá, láti ìgbà òfin ọdún 1959 tí ó de kíkó ohun ọ̀gbìn wọ̀lú, ìjọba mọ̀ pé àrùn ń gbé inú ilẹ̀ àti gbòǹgbò. Ìmọ̀ yẹn wà ní èbúté, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì kọjá Bọ́ńdárì. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kòkòrò, ni a fi ń pe eéṣú, a fi ń pe kòkòrò àìfojúrí, a sì ń fi pe aràn inú gbòǹgbò. Ìyá Ìbejì béèrè oògùn kòkòrò, oògùn kòkòrò náà ni wọ́n sì tà fún un. Ẹni tí ó tà á kò purọ́, ẹni tí ó rà á kò sì gọ̀. Èdè ni kò là á fún wọn.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò lè là á. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ti ṣe èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí a ṣe ti ilẹ̀ náà. Mo dá a lábàá pé kí a máa pe àrùn yìí ní àrùn kókó-gbòǹgbò, kí a pe ẹni tí ń fà á ní aràn-gbòǹgbò, kí a sì pe èyí tí omi ń fà ní àrùn jẹrà-gbòǹgbò. Bí ẹ bá ní èyí tí ó dára ju tèmi lọ, ẹ mú un wá. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí obìnrin tí ó bá dé ọjà lè sọ èyí tí ó ń ṣe ẹ̀fọ́ rẹ̀, kí ẹni tí ń ta oògùn sì lè sọ fún un pé òun kò ní oògùn rẹ̀, pé kí ó lọ gbin tẹ̀tẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò ní kí a sọ òwe àjẹ́ àná nù. Òwe ni, ó ní ibi tí ó ti wúlò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tún pa á, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò fi òwe kejì dáhùn, tí yóò sì gba ọkọ́, kí ó lọ wo ìdí ẹ̀fọ́ kí ó tó wo ojú arúgbó.